Ológbò tó lá apá Ìyá Oníwàrà títí awọ fi bó: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní Ìlọrin

Abo ológbò ni, ọmọ nǹkan bí ọdún méjì, kílò 3.4 ni ìwúwo rẹ̀. Ìyá tó ni ín ń dín wàrà tà nítòsí Ọjà-Ọba ní Ìlọrin. Agboolé kan ní Pakátà ni wọ́n ń gbé, òun, ìyá ọkọ rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó ṣì ń lọ sí ilé-ìwé. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ológbò náà kò ju ẹyọ kan lọ: kì í jẹ́ kí ìyá sùn. Bí wọ́n bá ti paná lálẹ́, yóò gun ìyá láyà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lá apá òsì rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, yóò bọ́ sí ọrùn, yóò parí rẹ̀ sí etí irun. Á lọ sùn díẹ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà, ó ti tún dé. Àkókò ọyẹ́ ni, kò sí ẹni tí awọ ara rẹ̀ kò gbẹ, ṣùgbọ́n ti ìyá yìí ti kọjá gbígbẹ. Apá òsì ti pọ́n, ibì kan níbẹ̀ tó fẹ̀ tó ojú kọ́bọ̀ sì ti bó.

Wọ́n ti ṣe oríṣiríṣi kí wọ́n tó gbé e wá sọ́dọ̀ àwa tó ń tọ́jú ẹranko. Ìyá ń fi ìka ta á nímú. Ọmọ ń wọ́n omi sí i lójú. Wọ́n ti fi èèpo ọsàn ra apá. Aládùúgbò kan ní kí wọ́n gún àlùbọ́sà mọ́ ata, kí wọ́n fi pa ara. Ìyẹn nìkan ni wọn kò tíì ṣe. Àwọn kan nínú agboolé sì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ológbò tó bá ń lá ọrùn ènìyàn lóru, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ojú lásán. Ojú lásán ni. Kò sí ohun kan nínú ọ̀rọ̀ yìí tí omi, ọṣẹ, oúnjẹ àti sùúrù kò lè dé ìdí rẹ̀.

Ṣé àṣà ni, àbí àìsàn?

Ohun tí a kọ́kọ́ bi ìyá ni pé ṣé ológbò náà ń lá nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ènìyàn. Ìdáhùn ìbéèrè yìí wúlò ju bí ó ti rí lójú lọ. Ológbò tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dín kù a máa lá ògiri, a máa lá sìmẹ́ńtì, a tilẹ̀ máa jẹ iyẹ̀pẹ̀. Èyí tí inú ń rìn a máa lá ètè ara rẹ̀ léraléra, itọ́ á máa kán, oúnjẹ ò ní wù ú. Èyí tí eyín ń dùn á máa fi ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo jẹun. Èyí tó bá sì ti dàgbà tó ọdún mẹ́wàá, tó ń jẹun bí ẹni tó gbààwẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń rù, tí kò sì sinmi lóru, táírọ́ìdì ọrùn rẹ̀ (ẹṣẹ́ tó ń darí bí ara ṣe ń lo oúnjẹ) ló yẹ kí a yẹ̀ wò kí a tó pe ìwà rẹ̀ ní àṣà.

Ti ológbò yìí, ènìyàn nìkan ló ń lá. Bí a ṣe yẹ̀ ẹ́ wò, erìgì rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Tí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ kó funfun, kì í pé ìṣẹ́jú-àáyá méjì kó tó padà sí àwọ̀ rẹ̀. Ooru ara rẹ̀ jẹ́ 38.6°C, èyí tó wà láàárín ibi tó yẹ kó wà (38.1 sí 39.2). Eyín mọ́. Kò sí ibi tó ti lá irun ara rẹ̀ pá. A rí ẹyin aràn díẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, a sì fún un ní oògùn aràn gẹ́gẹ́ bí ìwúwo rẹ̀, ṣùgbọ́n aràn tí a rí kò pọ̀ tó ohun tó lè fa gbogbo èyí. Kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan rí. A ó padà sórí ìyẹn.

Ìtàn rẹ̀ ló là wá lójú. Ọmọ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni nígbà tí wọ́n rí i lẹ́bàá gọ́tà, òun nìkan, láìsí ìyá. Ìyá oníwàrà gbé e sí itan, ó ń fi sírínjì fún un ní wàrà, apá òsì ló sì máa ń fi gbá a mọ́ra. Ọmọ ológbò máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ oúnjẹ wò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin, kì í sì í já pátápátá lẹ́nu ọmú títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Ní gbogbo ìgbà yẹn ni ìyá rẹ̀ ń fi ahọ́n wẹ̀ ẹ́, tó ń fi ahọ́n mú un tọ̀, tó ń fi ahọ́n mú un yàgbẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Èyí tí wọ́n bá já gbà lẹ́nu ọmú ṣáájú àkókò lè dàgbà tán kó ṣì máa fa aṣọ mu, kó máa lá ẹni tó tọ́ ọ. Apá òsì tí wọ́n fi gbé e lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún ni apá òsì tó ń bó lónìí. Ìyá fúnra rẹ̀ kò ro èyí pọ̀ títí a fi béèrè ọwọ́ tó fi ń dì í mú.

Ahọ́n tó dà bí sáńpépà

Ara ahọ́n ológbò kún fún ẹ̀gún kéékèèké tó kọjú sẹ́yìn sí ọ̀nà ọ̀fun. Ohun kan náà tó wà nínú èékánná ni wọ́n fi ṣe é. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní Georgia Tech ní Amẹ́ríkà fi hàn pé orí ẹ̀gún wọ̀nyí ní ihò bíi ṣíbí, ibẹ̀ ni itọ́ máa ń rọ̀gún sí, tí ẹ̀gún á fi gbé e gba inú irun lọ dé awọ. Irun ni wọ́n ṣe é fún. Bó bá wá di pé awọ ènìyàn tí kò nírun, tí ọyẹ́ ti gbẹ, ló ń gba ahọ́n bẹ́ẹ̀ lójú kan náà lálaalẹ́, kò sí bí kò ṣe ní bó.

Kí ló dé tí ológbò fi ń lá ènìyàn rárá? Àwọn ológbò tó bá mọ ara wọn máa ń lá ara wọn ní orí àti ọrùn, òórùn wọn á dọ́gba, agbo á mọ ẹni tó jẹ́ ara rẹ̀. Ọrùn àti etí irun tí èyí ń lá lára ìyá bá ìyẹn mu. Ìdí mìíràn wà nínú ohun tó wà lára ènìyàn: òógùn, ọ̀rá, èérún oúnjẹ. Ìdí kẹta, èyí tí ọ̀pọ̀ onílé kì í fẹ́ gbọ́, ni pé ológbò ti rí i pé bí òun bá lá, ènìyàn á jí, á sọ̀rọ̀, á fọwọ́ kàn án, nígbà mìíràn á tilẹ̀ dìde fún un lóúnjẹ. Bí ìbínú bá tilẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ọ̀rọ̀ ṣáà ni. Ìdí kan lè bẹ̀rẹ̀ àṣà, kí òmíràn wá máa bọ́ ọ.

Ọmọbìnrin náà ní òun rò pé ṣúgà zobo tí màmá òun máa ń pò ló ń fà á. Rárá o. Ológbò kì í mọ adùn ṣúgà lẹ́nu. Ní 2005 ni wọ́n rí i pé apilẹ̀ àbùdá kan tó yẹ kó jẹ́ kó mọ̀ ọ́n ti bàjẹ́ lára gbogbo ìran ológbò. Ọ̀rá àti ohun tó wá láti inú ẹran, ẹja àti wàrà ló ń fà á. Ọwọ́ oníwàrà kò sì ṣaláìní ìyẹn: omi wàrà ń ṣàn dé ìgúnpá bó bá ń fún un, òróró ẹ̀pà ń ta sí apá bó bá ń dín in. Bó bá délé tán, ó tún fi òrí pa ara nítorí ọyẹ́. Òrí kò ní pa ológbò lára, ṣùgbọ́n ọ̀rá ni.

Ìdánwò apá méjì

Kí a má baà máa méfò, a ní kí ìyá ṣe ìdánwò kan nílé. Bó bá dé láti ọjà, kó fi ọṣẹ àti omi fọ apá ọ̀tún dé ìgúnpá, kó nù ún gbẹ, kó fi apá òsì sílẹ̀ bó ṣe wà. Kó jókòó ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsọ̀rọ̀ sí ológbò, láìwò ó, kí ọmọ máa kọ ibi tó kọ́kọ́ lá àti iye ìṣẹ́jú tó kọjá kó tó lá a. Lọ́jọ́ kejì kó fọ apá òsì, kó fi ọ̀tún sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta kó fọ méjèèjì. A tún fún ọmọ ní ìwé kan tó ní òpó márùn-ún: àkókò, ta ni ó lá, ibo ló lá, kí ni ẹni náà ń ṣe kó tó lá a, kí ni ẹni náà ṣe lẹ́yìn tó lá a. Òpó ìkẹyìn yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò, òun ló sì wúlò jù.

Ní ìrọ̀lẹ́, apá tí wọn kò fọ̀ ló ń lá lọ́jọ́ méjèèjì, ìbáà jẹ́ òsì tàbí ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n fọ méjèèjì, ó gbóòórùn, ó lá a lẹ́ẹ̀mejì, ó kúrò. Ní ìdájí, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Fífọ̀ kò já mọ́ nǹkan nígbà náà; apá òsì náà ló ń lọ bá. Òpó ìkẹyìn sì fi hàn pé bó bá ti lá ní ìdájí, ìyá á sọ̀rọ̀ sí i, á tì í, á wá dìde láti ṣe àlùwàlá, bó bá sì ń gba ilé ìdáná kọjá á ju èérún wàrà kan sí i kó lè fi òun sílẹ̀. Wàrà yẹn ni owó-oṣù rẹ̀.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe pín sí méjì. Ti alẹ́, òórùn ọwọ́ ló ń fà á. Ti ìdájí, ebi àti èrè ni. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni wọ́n ń fún un lóúnjẹ, ní ìrọ̀lẹ́: ẹ̀bà díẹ̀, egungun ẹja inú ọbẹ̀, omi wàrà. A kò dá ológbò láti jẹun lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Ẹran tó ń pa èkúté kéékèèké jẹ ni, díẹ̀díẹ̀ ní ìgbà púpọ̀ ni inú rẹ̀ ń fẹ́. Ẹ̀bà kò sì ní taurine tí ojú àti ọkàn ológbò kò lè ṣe aláìní, inú ẹran àti ẹja ló ti ń rí i. Omi wàrà pàápàá, ọ̀pọ̀ ológbò tó ti dàgbà kì í lè da ṣúgà inú rẹ̀, inú wọn á máa ṣí.

Ewu tó wà lára awọ

Kí ológbò lá awọ tó jọ̀lọ̀ tí kò ní ojú egbò, kò sí ewu ńlá níbẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Awọ tó bó yàtọ̀. Ní ti àrùn dìgbòlugi, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ka itọ́ ẹranko tó kan awọ tó ti bó mọ́ ìpele tó léwu jù, nígbà tí kò ka lílá awọ tó dá pé sí ewu rárá. Ológbò yìí kò ní àjẹsára, ó sì ń jáde. A ní kí ìyá fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó lọ rí dókítà, kí wọ́n sì ti ológbò mọ́lé kí a máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Kò sí àmì àìsàn kankan lára rẹ̀ títí ọjọ́ mẹ́wàá fi pé, nígbà náà ni a tó fún un ní abẹ́rẹ́. Láti bí oṣù mẹ́ta ni ọmọ ológbò ti lè gba ti dìgbòlugi, kí wọ́n sì tún un gbà lẹ́yìn ọdún kan. Ní Ìlọrin, ilé-ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì wà fún irú èyí.

Ìyá béèrè pé bó bá lá òun lápá lẹ́yìn àlùwàlá ńkọ́. Hádíìsì Ànábì tí Abu Qatada sọ lórí omi àlùwàlá tí ológbò mu kò ṣàjèjì sí àwọn àáfà wa: ológbò kì í ṣe ẹ̀gbin, nínú àwọn tó ń rìn yí yín ká nínú ilé ló wà. Èyí tó bá ju ìyẹn lọ di ọwọ́ àáfà. Ti oníṣègùn ni pé kí ojú egbò wà ní bíbò.

Ohun tó kó wa láyà soke jù kò sí lápá ìyá rárá. Ìyá àgbà, ìyá ọkọ rẹ̀, ni. Ó ní àtọ̀gbẹ, gìgísẹ̀ rẹ̀ ti là nítorí ọyẹ́, ó sì máa ń fi báàmù gbígbóná pa orúnkún ní alẹ́. Nígbà tí wọ́n ń lé ológbò lọ́dọ̀ ìyá oníwàrà, ọ̀dọ̀ Ìyá àgbà ló ń sá lọ, tó ń lá ẹsẹ̀. Kòkòrò àrùn kan tí wọ́n ń pè ní Pasteurella wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ológbò tó sàn. Ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ tó là kò yẹ kó bá a pàdé. Báàmù sì burú fún ológbò náà. Methyl salicylate tó ń mú ọ̀pọ̀ nínú wọn gbóná, ìran aspirin ni, ẹ̀dọ̀ ológbò kò sì ní agbára láti tú irú oògùn bẹ́ẹ̀ palẹ̀ bí ti ènìyàn. Ìdí kan náà ni hóró paracetamol kan ṣoṣo fi lè pa á. Ní 2015, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa ìpara ìrora kan tó ní oògùn flurbiprofen lẹ́yìn tí àwọn ológbò ní ilé méjì ṣàìsàn, tí àwọn kan kú. Ọrùn àti ẹsẹ̀ ara wọn ni àwọn onílé fi ìpara náà pa, kò sí ẹni tó fi pa ológbò. Ẹ fi ìpara ìbóra tó ní steroid kún un, ẹ fi ìpara tó ń lé ẹ̀fọn tó ní permethrin kún un, ẹ fi dẹ́tọ́ọ̀lù àti ísáàlì kún un.

Àlùbọ́sà tí aládùúgbò dámọ̀ràn ńkọ́? Nǹkan bí gíráàmù 5 fún kílò ara kan ti tó láti ba sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ológbò jẹ́. Fún èyí tó wọn kílò 3.4, gíráàmù 17 nìyẹn, kò tó ìlàjì àlùbọ́sà kékeré. Òróró inú èèpo ọsàn náà kò dára fún un, ata á sì bó o lẹ́nu. Kí a sọ ọ́ ní gbangba: ohunkóhun tí ẹ bá fi sára kó lè korò lẹ́nu ológbò, inú ológbò ló ń lọ.

Ohun tí a ní kí wọ́n ṣe

Ti ọwọ́ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ìyá bá ti ọjà dé, kó fọ ọwọ́ dé ìgúnpá pẹ̀lú ọṣẹ kó tó jókòó, kó bọ́ aṣọ tó fi dín wàrà, kó fi í kọ́ síta. Kó fi òrí pa ara lẹ́yìn ìwẹ̀ ìrọ̀lẹ́, ó kéré tán wákàtí kan kó tó sùn, kó sì wọ ẹ̀wù alápá gígùn sùn títí awọ á fi jinná. Ojú egbò, gọ́ọ̀sì tó mọ́.

Oúnjẹ di ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Gíráàmù 25 oúnjẹ ológbò gbígbẹ àti gíráàmù 50 ẹja títù tí wọ́n bọ̀ láìsí iyọ̀, ata tàbí àlùbọ́sà, tí wọ́n yọ egungun rẹ̀, ni gbogbo ti ọjọ́ kan. Kí wọ́n da omi tí wọ́n fi bọ ẹja lé e, nítorí taurine máa ń yọ́ sínú omi. Kí wọ́n dá omi wàrà dúró. Ti alẹ́ kẹ́yìn, kí ó jẹ́ ìgbà tí wọ́n fẹ́ sùn. Ti àárọ̀, ọmọ ni kó máa gbé e sílẹ̀, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ìbáà lá ènìyàn, ìbáà má lá. Kí ìyá má ṣe fọwọ́ kan abọ́ ológbò ní àárọ̀ fún oṣù kan gbáko. Eléyìí le fún un láti gbà. Ó ní báwo ni òun ṣe máa kọjá lára ẹran tí ebi ń pa.

Eré: ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́, mẹ́wàá kó tó jẹ oúnjẹ ìkẹyìn. Ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n so mọ́ orí igi tó, kí wọ́n máa wọ́ ọ nílẹ̀ bí èkúté tó ń sá, kí wọ́n jẹ́ kó mú un lẹ́yìn-ọ-rẹyìn. Ọmọ ti mú òwú jáde láti ọ̀dọ̀ ahunṣọ òfì tó wà nínú agboolé; a ní kó dá a padà. Ẹ̀gún ahọ́n tó kọjú sẹ́yìn kì í jẹ́ kí ológbò lè tu òwú dànù. Bó bá ti wọ ẹnu, ọ̀fun ló ń lọ, bó bá sì so mọ́ abẹ́ ahọ́n tí ìyókù gba inú lọ, ó lè gé ìfun. Kí wọ́n kó igi eré náà pamọ́ bí wọ́n bá ti ṣeré tán. Bí ẹ bá rí òwú tó yọ lẹ́nu tàbí ní ìdí ológbò, ẹ má fà á.

Èyí tó ṣòro jù ni ti ahọ́n fúnra rẹ̀. Bó bá ti kan awọ: kò sí ọ̀rọ̀, kò sí pé à ń wò ó, kò sí títì. Kó fa apá sábẹ́ aṣọ, kó yíjú sí ògiri tàbí kó dìde, ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, fún ìṣẹ́jú kan. Kó padà. Bí ológbò bá jókòó láìlá a fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, kó fi ìka ra á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kó dúró. Lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ogún. Ní ìrọ̀lẹ́, kó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ya irun orí àti ọrùn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ìfẹ́ tó wà nínú lílá ara ẹni lè rí ibòmíràn gbà. Agbọ̀n kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ìró tí ìyá ti ró tí wọn kò tíì fọ̀ ló wà nínú rẹ̀; ibẹ̀ ni ibùsùn ológbò.

Lílù tàbí títa nímú kì í ṣiṣẹ́. Ológbò kì í so ìyà mọ́ ohun tó ṣe, ọwọ́ ni ó ń so ó mọ́. Á máa sá fún ọwọ́, tàbí á bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú jẹ, ìdájí á sì tún dé.

Ibi tó ti wọ́

Ní ọjọ́ kẹrin, ó burú ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ó ń lá, ó ń fi eyín kan an díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ọwọ́ fa ẹ̀wù, ó ń ké. A ti kìlọ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí: ohun tó ti máa ń mú èrè wá, bí èrè bá dáwọ́ dúró, ẹranko á kọ́kọ́ fi agbára kún un kó tó fi í sílẹ̀. Bó ti wù kó rí, ìkìlọ̀ kò dà bíi kí ojú rí i. Ìyá fara dà á fún nǹkan bí wákàtí kan, ó dìde, ó fún un ní wàrà.

Ìyẹn burú ju pé kí wọ́n má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ológbò kọ́ lóru yẹn ni pé lílá ẹ̀ẹ̀kan kò tó mọ́, wákàtí kan ló ń mówó wọlé. Ohun tí a yí padà kò pọ̀: a sún oúnjẹ alẹ́ kẹ́yìn di agogo mọ́kànlá alẹ́, a sì ní kí ìyá àti ọmọ pààrọ̀ yàrá fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí ọmọ kò ní ohun tó ń fún un ní ìdájí rí. Ológbò lọ bá ọmọ lẹ́ẹ̀kan, kò rí nǹkan kan gbà, ó padà sínú agbọ̀n.

Ibi kejì tó wọ́ léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àárọ̀ kan, itọ́ ń kán lẹ́nu ológbò, ó sì bì. Ìyá àgbà ti fi báàmù pa orúnkún, kò bò ó, ológbò sì ti lá a. Ẹnì kan ti gbé epo pupa, ó fẹ́ rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Ẹ má ṣe é. Epo pupa kì í pa májèlé ológbò, ó lè gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn nìkan sì tó láti pa á. Wàrà náà kò wúlò níbẹ̀. Ohun tó yẹ ni aṣọ tútù tí wọ́n á fi nu ẹnu àti irun tí báàmù kàn, omi mímu lásán, kí wọ́n sì mú agolo báàmù dání wá sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kíákíá, kí ó lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Èyí tó lá kò pọ̀. Lọ́jọ́ kejì ó ti ń jẹun. Láti ọjọ́ náà, Ìyá àgbà ń fi báàmù pa ara lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, ó ń wọ ṣòkòtò gígùn lé orúnkún àti ìbọ̀sẹ̀ lé gìgísẹ̀, ó sì ń fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan ológbò. Nọ́ọ̀sì àdúgbò ló ń tọ́jú gìgísẹ̀ náà.

Bó ṣe rí báyìí

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, lílá ìdájí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, apá ìyá ti jinná, àpá rẹ̀ ló kù. Ti alẹ́ ṣì ń wáyé bí ìyá bá ti ọjà dé tí kò tíì fọwọ́. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ológbò. Ó ṣì máa ń lá ọwọ́ ìyá lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì bó bá ń kí i káàbọ̀. A ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀. Ológbò tí wọ́n já gbà lẹ́nu ọmú lọ́sẹ̀ kẹrin, ẹni tó bá ní kó má lá ohunkóhun mọ́ láé ń wá wàhálà.

A sọ fún ìyá pé bí ibikíbi tó bá há tàbí tó bù jẹ bá wú, tó pọ́n, tó gbóná láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, tàbí tí kókó bá so lábíyá pẹ̀lú ibà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kó lọ sí ilé-ìwòsàn, kó sì sọ fún wọn pé ológbò ni. Ti Ìyá àgbà, kí wọ́n má dúró de wíwú rárá. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ọmọ sọ pé ó ṣì máa ń yọ ìbọ̀sẹ̀ lọ́sàn-án kí ológbò lè lá a lẹ́sẹ̀ díẹ̀. Bí gìgísẹ̀ bá ti dì tán, tí kò sì sí báàmù lára, a ò ní bá a fà á. Ní báyìí kò tíì dì, nítorí náà ìbọ̀sẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ wà lẹ́sẹ̀.